Kí Ẹsẹ̀ Iwájú Jíìpù Tó Ké

Ẹ́ńjìnnì ni gbogbo onímọ́tò ń bẹ̀rù. Bí èéfín dúdú bá ti yọ, wọ́n á sáré gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ. Bí ọ́ìlì bá kán sílẹ̀ díẹ̀, olówó ọkọ̀ kò ní rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà amọ̀ pupa bíi ti Kika, ohun tó ń sọ jíìpù di òkú sí ẹ̀bá oko lè má ju irin róbótó kan tó gba àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìdí ẹsẹ̀ iwájú ló ń gbé. Ojú kì í rí i, ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè rẹ̀, àfi ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Béárìn ni mò ń sọ, àti họ́ọ̀bù tó ń gbé inú rẹ̀.

Kika jẹ́ ọ̀kan nínú àgbègbè méje tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Tchaourou, ní ẹkùn Borgou, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àwọn mẹ́fà yòókù ni Alafiarou, Bétérou, Goro, Sanson, Tchatchou, àti Tchaourou fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà tó bá gbọ́ orúkọ Tchaourou, Thomas Boni Yayi ni yóò rántí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n bí i, òun ló sì jẹ ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ láti 2006 sí 2016. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni bí ilẹ̀ náà ti fẹ̀ tó: ó lé ní 7,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Nàgó ń gbé ibẹ̀, Bàrìbá ń gbé ibẹ̀, Fúlàní ń da màlúù gba ibẹ̀ kọjá. Iṣu, àgbàdo, òwú àti kajú ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ọ̀nà ọ̀dà ńlá tó wá láti Kútọnu gba Ṣábẹ kọjá, ó gba Tchaourou, ó sì forí lé Parakou. Ní kété tí èèyàn bá ti yà kúrò lórí ọ̀dà yẹn, amọ̀ ló kù.

Alùpùpù ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀. Jíìpù kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lò ó kò lè ṣe kí wọ́n má lò ó: òṣìṣẹ́ ìlera tó ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí abúlé, àwọn tó ń ṣọ́ igbó ọba bíi ti Tchaourou-Toui-Kilibo, àwọn aláṣẹ òwú, àwọn ọlọ́pàá. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá ni òjò fi ń rọ̀ lápá ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì bíi ti gúúsù. Odò Okpara kún, àwọn odò kéékèèké tó ń dá ọ̀nà kọjá kún. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọyẹ́ á dé, tòun ti eruku tó ń wọ inú aṣọ tó wà nínú àpótí. Omi fún oṣù mẹ́fà, eruku fún oṣù mẹ́fà. Kò sí ohun tó ń pa béárìn ju méjì yẹn lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ìgbà tí họ́ọ̀bù bá ti bàjẹ́ kọ́ ló yẹ kí mẹkáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u. Ìgbà tí kò tíì ṣe é ní nǹkankan ni. Owó tó sì yẹ kí olówó ọkọ̀ máa san pẹ̀lú ayọ̀ jù lọ ni èyí tó ń dùn ún jù láti san, ìyẹn owó iṣẹ́ lórí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí pé ó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo inú rẹ̀. Jíìpù tí mo ní lọ́kàn ni Land Cruiser ìran 70, èyí tí Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1984 tí wọ́n sì ń ṣe títí dòní. Irin ìdábùú kan gbọọrọ ló gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì. Ní ìparí irin náà lọ́tùn-ún lósì ni ọ̀pá kúkúrú kan ti yọ síta. Họ́ọ̀bù ń yí lórí ọ̀pá yìí, ríìmù sì wà lára họ́ọ̀bù. Béárìn méjì ló wà nínú họ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, ńlá lẹ́yìn, kékeré níwájú. Róólà inú wọn kò rí gbọọrọ bákan náà láti òkè délẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ ní orí kan, ó sì tóbi ní èkejì. Wọ́n kọ orí tó tẹ́ẹ́rẹ́ síra wọn.

Henry Timken ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú béárìn yìí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1898. Ọmọ Jámánì ni, ó sì ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tà ní ìlú St. Louis. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé bí kẹ̀kẹ́ tó ru ẹrù bá ń yà ní kọ̀rọ̀, ẹrù náà kì í tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti òkè nìkan, ó tún ń tì í láti ẹ̀gbẹ́. Róólà gbọọrọ lè ru ti òkè. Ti ẹ̀gbẹ́ kò bá a lára mu. Timken wá fún róólà náà ní ìrísí tó fi jẹ́ pé ibi yòówù kí agbára ti wá, yóò bá ara irin tó pọ̀ tó láti gbà á. Ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́ṣin kan ló yanjú ọ̀rọ̀ tí jíìpù tó ń yọ̀ ṣọ̀ṣọ̀ nínú ipa ọ̀nà òwú ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lónìí.

Àmọ́ irú béárìn bẹ́ẹ̀ ní ìwà kan tí ọ̀pọ̀ béárìn mìíràn kò ní. Bó ṣe le tó lórí ìjókòó rẹ̀, ọwọ́ èèyàn ló ń pinnu rẹ̀, nípa bí ó ṣe dè é. Mà á padà sórí ìyẹn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ wà.

Kí a kọ́kọ́ sọ bí omi ṣe ń wọ inú rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ dírẹ́bà gbà pé bí ọkọ̀ bá ti wọ omi, omi ti wọ họ́ọ̀bù náà nìyẹn, kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ti ń rìn láti àárọ̀, búréèkì ti mú họ́ọ̀bù gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì ti fẹ̀. Dírẹ́bà wá dé ibi tí odò gba ojú ọ̀nà. Kò dúró, ó wọ inú omi tó mu táyà dé ìdajì. Irin tó gbóná yẹn tutù lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sún kì, àyè sì ṣófo nínú họ́ọ̀bù. Àyè náà á máa wá ohun tí yóò fà wọlé. Bí síìlì ẹ̀yìn, ìyẹn rọ́bà tó dí ẹ̀yìn họ́ọ̀bù, bá ṣì dára, kò ní rí nǹkankan fà. Bí ó bá ti gbó, omi ni yóò fà, tòun ti ẹrẹ̀ tó wà nínú omi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó bá tú họ́ọ̀bù náà yóò bá girísì tó ti funfun bí ògì. Irin tó bá ń yí nínú irú ògì bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ dípẹtà.

Nítorí náà, dírẹ́bà tó bá dé etí odò kó dúró díẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ wo bí omi ṣe jìn tó, kó jẹ́ kí họ́ọ̀bù tutù kó tó wọ̀ ọ́. Ohun méjì ló fi ìdúró kan ṣe.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti ń bàjẹ́? Ó ń hó lábẹ́ ọkọ̀ bí eré bá ń pọ̀ sí i, ohùn náà sì ń yí padà bí èèyàn bá yí sítíárìn sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ń pe ohùn yìí ní ohùn táyà, torí táyà ọ̀nà amọ̀ náà ń hó. Ìdánwò kan wà tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, ẹ fi jáàkì gbé iwájú, ẹ sì ti igi tó nípọn sábẹ́ irin ìdábùú, torí jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí ọmọ èèyàn ń wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì ín síwá sẹ́yìn. Bó bá ń kan gbọ̀-gbọ̀, ẹ ní kí ẹnìkan wọ inú ọkọ̀ kó tẹ búréèkì, kí ẹ tún mì ín. Bí ìkàn náà bá dáwọ́ dúró, béárìn họ́ọ̀bù ni. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ọ̀rọ̀ ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn, ó ti di ti kíńgípíìnì tó gbé orí ìdábùú tí ẹsẹ̀ fi ń yà. Mo mọ àwọn tó ra béárìn tuntun fún àìsàn kíńgípíìnì nítorí pé ẹnìkan kò tẹ búréèkì.

Ṣíṣí rẹ̀ kò gba agbára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé hámà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kọ́kọ́ ń wá. Wọ́n á yọ táyà, wọ́n á yọ ọwọ́ búréèkì, wọ́n á sì fi wáyà so ó kọ́, kó má baà rọ̀ sórí rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì búréèkì. Ìdérí họ́ọ̀bù ló kàn, èyí tí dírẹ́bà ń yí láti so ẹsẹ̀ pọ̀ mọ́ ṣáfùtù nígbà tó bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fà. Nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló dè é, àmọ́ bí a tú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò ní kúrò. Wáṣà kan tó rí ṣóńṣó ti há sí ìdí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ibí ni a ti ń mọ ẹni tí ọ̀gá kọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa fi hámà lu orí bóòtù títí yóò fi fẹ̀ bí orí ìṣó, nọ́ọ̀tì kò sì ní lè padà sórí rẹ̀ mọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi nọ́ọ̀tì sílẹ̀ ní etí bóòtù, á mú irin idẹ, á fi gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, wáṣà á sì fò síta fúnra rẹ̀.

Òrùka kan ṣì wà lórí ṣáfùtù tí a ó fi ẹ̀mú yọ kí ìdérí tó lè kúrò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ọ̀tì ńlá méjì àti wáṣà pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ etí rẹ̀ láàárín wọn. Sípánà nọ́ọ̀tì yìí jẹ́ mìlímítà 54, kò sì sí nínú àpótí irinṣẹ́ tí gbogbo èèyàn ń rà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n fi ṣíísù àti hámà máa gbá nọ́ọ̀tì náà yí. Bí ẹ bá rí nọ́ọ̀tì tí ara rẹ̀ rí jákujàku, ẹ ti rí iṣẹ́ ṣíísù nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà: ìgékù irin tó já bọ́ níbẹ̀ ń lọ tààrà sínú béárìn tí wọ́n fẹ́ tọ́jú. Gáráàjì tó bá ń gba owó lórí Land Cruiser tí kò ní sípánà 54 kò yàtọ̀ sí onígbàjámọ̀ tí kò ní abẹ. Ẹni tí kò bá rí èyí tó dára rà lè mú páìpù irin lọ bá wẹ́dà, kó gé etí rẹ̀ títí yóò fi bá nọ́ọ̀tì mu. Irú rẹ̀ kì í lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Bí họ́ọ̀bù bá ń jáde, kí ọwọ́ kan wà níwájú láti gba béárìn kékeré, kó má baà jábọ́ sínú yanrìn. Kí ti ọ̀tún má dà pọ̀ mọ́ ti òsì. Béárìn kọ̀ọ̀kan ní ife tirẹ̀ tó jókòó sínú họ́ọ̀bù. Wọ́n ti jọ rìn, wọ́n ti mọ ara wọn lára. Láti mú béárìn tuntun sínú ife àtijọ́ torí pé ife náà ṣì ń dán, ìrẹ́jẹ ni, ẹni tó rẹ́ jẹ kò sì ní pẹ́ mọ̀.

Fífọ̀ ló kàn. Bẹntiróòlù ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, torí ó ń gé girísì kíákíá, torí pé ó sì wà nínú ìgò lẹ́bàá gbogbo ọ̀nà ní Bẹ̀nẹ̀, kpayo tó ń ti Nàìjíríà wọlé. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023 ni iye kpayo ti fò sókè, ẹni tí kò bá sì fẹ́ sọ owó nù ti ń ronú dísẹ́ẹ̀lì tàbí kẹrosíìnì. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kó rí tẹ́lẹ̀: dísẹ́ẹ̀lì kì í tètè gbiná bíi bẹntiróòlù, ó sì ń fi ọ̀rá díẹ̀ sílẹ̀ lára irin tí kì í jẹ́ kó tètè dípẹtà. Ohun kan tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe ni kó fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀ fọn béárìn kó máa yí fíìfíì. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fẹ́ràn ohùn rẹ̀. Àgò tó di róólà mú lè fọ́, róólà á sì fò jáde bí ọta.

Nígbà tó bá mọ́, a ó gbé e sójú oòrùn, a ó sì wò ó bí oníṣègùn ṣe ń wo ahọ́n. Bí irin bá ti yí sí àwọ̀ aró, iná ti jẹ ẹ́. Wọ́n dè é jù tàbí girísì tán nínú rẹ̀. Bí ihò kéékèèké bá wà lójú rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ ìpẹtà, omi ni. Bí ilà bá tò lójú ife, tí àlàfo wọn jẹ́ ti róólà gẹ́lẹ́, ẹnìkan ti fi hámà gbá a wọlé nígbà kan rí, ó sì gbá a níbi tí kò yẹ. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí tí girísì tuntun lè wò sàn. Kí wọ́n fi béárìn àti ife tuntun rọ́pò wọn.

Irin idẹ la fi ń lé ife jáde, a ó máa gbá a lọ́tùn-ún lósì díẹ̀díẹ̀ kó má baà dábùú. Níbi tí yìnyín bá wà, a lè gbé ife tuntun sínú rẹ̀ fún wákàtí kan, kí a fi họ́ọ̀bù sójú oòrùn Borgou. Ife á sún kì, họ́ọ̀bù á fẹ̀, wọ́n á sì gba ara wọn láìsí ìjà. Ife àtijọ́, tí a bá lọ etí rẹ̀ díẹ̀, ni irinṣẹ́ tó dára jù láti fi ti tuntun wọlé. Ohùn hámà ni yóò sọ ìgbà tó dé ìdí: yóò kúrò ní ohùn tó dì, yóò sì di èyí tó le ganrangan.

Lẹ́yìn náà, girísì. Kì í ṣe kí a fi ìka tọ́ ọ sí ara rẹ̀. A ó bu girísì sí àtẹ́lẹwọ́, a ó mú béárìn ní ọwọ́ kejì, a ó máa fi etí rẹ̀ tó tóbi gé girísì náà títí yóò fi máa yọ láàárín àwọn róólà lókè. A ó yí i, a ó tún ṣe é, títí a ó fi yí i ká. Ó ń gba àkókò, ọwọ́ á sì dọ̀tí dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹni tó bá ṣe é tán láàárín ìṣẹ́jú kan kò tíì ṣe é.

Borgou jẹ́ ilẹ̀ òrí, n ó sì sọ eléyìí kí ẹnìkan má baà dán an wò: òrí kì í ṣe girísì. Ara èèyàn nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti yọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ girísì líthíọ́ọ̀mù tó dára kì í yọ́ títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 180 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì. Kí a má sì po oríṣi girísì méjì pọ̀. Òmíràn ń bá òmíràn jà, wọ́n á sì di omi nínú họ́ọ̀bù.

Síìlì ẹ̀yìn ni mo ka sí olórí gbogbo rẹ̀. Òun ló kéré jù lówó, òun sì ni wọ́n ń tún lò jù. “Èyí ṣì dára,” wọ́n á fi ìka nù ún, wọ́n á dá a padà. Ètè síìlì tó bá ti le kò lè di omi mọ́, bó ti wù kó dán. Kí wọ́n tún wo ojú irin tí ètè náà ń fà lé lórí. Bí ó bá ti gbẹ́ ojú irin di kòtò tín-ín-rín, síìlì tuntun náà yóò máa jó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ó wá ku dídè, ibi tí mo ní gbogbo ẹjọ́ wà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é ní ọ̀pọ̀ gáráàjì. Àwọn kan á dè é títí táyà kò fi ní lè yí, wọ́n á wá tú u díẹ̀. Àwọn mìíràn á fi sí “bí ọwọ́ ṣe mọ̀ ọ́n.” Mo bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé ìtọ́ni Toyota fún irú ìdí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti sọ ohun tí ọwọ́ ń wá. Kọ́kọ́ de nọ́ọ̀tì inú le, ní agbára tó tó bí ẹni so nǹkan bíi kílò mẹ́fà mọ́ orí irin tó gùn ní mítà kan. Yí họ́ọ̀bù sọ́tùn-ún sósì lọ́pọ̀ ìgbà, kí róólà lè jókòó, kí girísì tó pọ̀ jù lè kúrò lójú ọ̀nà. Tún un dè. Lẹ́yìn náà, tú u títí ọwọ́ yóò fi lè yí i, kí o sì tún un dè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ìdá kan nínú mọ́kànlá agbára àkọ́kọ́.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó tọ́? Òṣùwọ̀n ìkọ́ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan lọ́jà tó. Fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ bóòtù ríìmù kan, kí o fà á, kí o sì wo nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ nígbà tí họ́ọ̀bù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bó bá wà láàárín nǹkan bíi kílò mẹ́ta sí márùn-ún àbọ̀, ó dára. Bó bá kéré sí i, ó tú. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó le jù. Lẹ́yìn tí a bá ti fi nọ́ọ̀tì ìta dè é pa, kí a tún fà á wò, torí nọ́ọ̀tì ìta máa ń ti ti inú díẹ̀. Kí a wá tẹ etí wáṣà kan sínú, kí a tẹ òmíràn síta. Béárìn tó tú ń kan, ń gbọn ríìmù, ó sì ń mú kí ẹsẹ̀ búréèkì rọ̀. Èyí tó le jù ń jóná ní ìdákẹ́jẹ́. Nínú méjèèjì, èyí tó dákẹ́ ni mo bẹ̀rù.

Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀, mẹkáníìkì gidi kò ní dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn họ́ọ̀bù ni oríkèé kan wà tí wọ́n ń pè ní Birfield, èyí tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú lè máa fà kó sì tún máa yà. Alfred Rzeppa, ẹnjiníà Ford ní Amẹ́ríkà, ló dá ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1920: bọ́ọ̀lù irin mẹ́fà nínú agolo kan, tí ṣáfùtù kò fi ní máa já bó bá tẹ̀. Bí èèyàn bá yí sítíárìn dópin tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà, tó wá ń gbọ́ ká-ká-ká, Birfield ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà mẹkáníìkì ní ọgbọ́n kan: wọ́n á mú ti ọ̀tún lọ sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún, kí ojú tí kò tíì jẹ lè wá ru ẹrù. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an fún ìgbà díẹ̀. Síìlì mìíràn wà lẹ́yìn ibẹ̀ tó ya ọ́ìlì dífù sọ́tọ̀ kúrò lára girísì. Bó bá kọ̀, méjèèjì á po pọ̀, irin róbótó ẹ̀yìn táyà á sì máa rọ omi dúdú sílẹ̀. Bí ẹ bá ń ra jíìpù tòkunbọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò, kí ẹ tó wo àga.

Níbo ni béárìn yóò ti wá? Gbogbo nǹkan ń gba ọ̀nà gígùn kó tó dé Kika. Parakou ni ọjà tó sún mọ́ ọn. Kútọnu, níbi tí ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lójú omi, jìn ju 400 kìlómítà lọ sí Parakou. Àwọn kan ń gbẹ́kẹ̀ lé Nàìjíríà, lé Gate n'Ibadan tàbí Ládípọ̀ ní Mushin. Àmọ́ ẹnubodè tí Nàìjíríà tì ní oṣù kẹjọ 2019 tí wọn kò ṣí títí di oṣù kejìlá 2020 ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́gbọ́n pé kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ jíìpù sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnubodè. Koyo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Osaka lọ́dún 1921, ló sábà máa ń wà lára Land Cruiser láti ilé iṣẹ́. NSK, NTN, Timken àti SKF ti ìlú Gothenburg náà dára. Ayédèrú wọn kún ọjà, páálí rẹ̀ sì máa ń lẹ́wà ju ti ojúlówó lọ nígbà mìíràn. SKF ti ṣe áàpù kan tí èèyàn fi lè ya fọ́tò béárìn ránṣẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀nà àtijọ́ ṣì wúlò: ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára irin bóyá ó mọ́, ẹ gbé e lọ́wọ́ bóyá ó wúwo, ẹ yí i bóyá ó ń rọra lọ. Bí iye rẹ̀ bá sì jẹ́ ìdajì ti gbogbo ọjà, ìdí wà.

Ọ̀pọ̀ jíìpù tuntun kò ní irú họ́ọ̀bù tí mo ń sọ yìí mọ́. Béárìn wọn ti wà ní dídì láti ilé iṣẹ́. Bó bá bàjẹ́, kí wọ́n jù ú nù kí wọ́n ra òmíràn, òmíràn nínú wọn sì gba ẹ̀rọ ìtẹ̀ kó tó wọlé. Nílùú ńlá, ó dára, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí. Níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀ wà lójú ọ̀dà tí ọkọ̀ sì kú sínú oko, n kò rí ìlọsíwájú kankan nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣì ń ra ìran 70, lẹ́yìn ogójì ọdún, kì í ṣe aláìlajú.

Ohun tó ń dí gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ kì í ṣe irinṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń wáyé nìyí.

“Alájì, ó yẹ ká tú ẹsẹ̀ iwájú wò kí òjò tó dé.”

“Ọ̀gá, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?”

“Kò tíì bàjẹ́ o.”

“Kí lẹ wá fẹ́ tú? Ẹ jẹ́ ká máa lò ó lọ.”

Mẹkáníìkì náà kò ní jà. Ó mọ̀ pé òun yóò gba owó tó pọ̀ jù lórí họ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ tí béárìn bá fọ́ tí ó sì ba ọ̀pá jẹ́. Bí a ti ń sanwó fún un ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́jú ọkọ̀ ń sọ nǹkan bíi 40,000 kìlómítà fún títú béárìn iwájú; fún ọkọ̀ tó ń wọ odò tó sì ń mu eruku, ìdajì rẹ̀ ni mo rò pé ó tọ́, tàbí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ní jíìpù márùn-ún lè bá gáráàjì dá àdéhùn iye kan fún ọdún, kí wọ́n san án yálà wọ́n bá àìsàn tàbí wọn kò bá. Olówó ọkọ̀ kan ṣoṣo lè ra síìlì méjì àti agolo girísì sílẹ̀ nínú ọyẹ́, nígbà tí ọ̀nà Parakou ṣì gbẹ. Kí wọ́n kọ déètì, iye kìlómítà àti orúkọ girísì sínú ìwé tí yóò wà nínú ọkọ̀, nítorí mẹkáníìkì tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní jẹ́ ẹni kan náà nígbà gbogbo.

Bí wọ́n bá sì ti dì í padà tán, kí olówó ọkọ̀ má gba kọ́kọ́rọ́ lọ tààrà. Kí òun àti mẹkáníìkì jọ wà á jáde fún nǹkan bí ogún kìlómítà, kí wọ́n dúró láìtẹ búréèkì le, kí wọ́n sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan họ́ọ̀bù lọ́tùn-ún àti lósì. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí méjèèjì sì bára mu, ó tó. Bí ọ̀kan bá gbóná tí ọwọ́ kò lè dúró lára rẹ̀, ẹnìkan á sọ pé béárìn tuntun ni, pé yóò mọ́ra tó bá yá. Wọ́n ti dè é jù ni. Kí wọ́n yọ ìdérí, kí wọ́n tún mú òṣùwọ̀n ìkọ́.